Láàárín Máa àti Máà

Lọ́dọọdún ni ìjọba ń pe àwa tí a ti fẹ̀yìn tì jọ sí gbọ̀ngàn káńsù ní Òkìtìpupa, kí a wá fi hàn pé a kò tíì kú. Ìjókòó ibẹ̀ le tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí kò bá ṣọ́ra lè gba ibẹ̀ kú. Lọ́dún tó kọjá, ọmọbìnrin tó ń yẹ̀ wá wò pe orúkọ mi títí, ìyá kan tó jókòó lẹ́yìn mi sì kígbe pé, "Ṣé Bàbá Ìgbẹ́ Gbuuru lo ń wá? Òun rèé!" Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Mo dìde, mo juwọ́ sí wọn. Bàbá mi sọ mí lórúkọ, yunifásítì fún mi lóyè, ṣùgbọ́n ẹni tó fi gbogbo ọjọ́ iṣẹ́ rẹ̀ kọrin nípa ìgbẹ́ kò yẹ kó máa retí pé wọn yóò pe òun ní Oníyebíye.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ronú iṣẹ́ tí ẹ óò ṣe, iṣẹ́ tèmi nìyẹn. Orin ijó ni mo fi ń sọ̀rọ̀ ìlera fún àwọn ará ilẹ̀ Ìkálẹ̀. Àwọn ènìyàn ń fi iṣẹ́ náà rẹ́rìn-ín, èmi náà sì ti bá wọn rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n mo ti rí ọjọ́ tí ohùn orí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo gbé ọmọ lọ. Nítorí náà, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ọ.

Bí mo ṣe wọ iṣẹ́ kò gùn. Èdè Yorùbá ni mo kà. Mo wá iṣẹ́ olùkọ́ títí, n kò rí. Ẹ̀ka ìlera káńsù ń wá ẹni tó gbọ́ Yorùbá dáadáa tí yóò máa la àwọn ará ìlú lọ́yẹ̀. Mo ní mo gbọ́ ọ. Ní ti owó oṣù, ẹ jẹ́ ká sọ ọ̀rọ̀ mìíràn.

Wọ́n fún mi ní gbohùngbohùn ọlọ́wọ́ kan, wọ́n ní kí n lọ sí Igbotako lọ́jọ́ ọjà. Mo ti kọ ọ̀rọ̀ ńláńlá sílẹ̀. Mo kígbe pé, "Ẹ̀yin ènìyàn iyì, ìmọ́tótó ni òpómúléró ìlera pípé!" Àwọn obìnrin tó ń wọn gàrí kò gbójú sókè. Ọ̀kan nínú wọn ló ṣàánú mi.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé oògùn lẹ̀ ń tà ni?"

Mo ní, "Rárá o, ìlera ni."

Ó ní, "Èló ni ẹyọ kan?"

Nígbà tí ọ̀gá wa ní káńsù rí i pé ń ṣe ni ọ̀rọ̀ mi ń lé èrò, ó ní kí a wá olórin tí yóò bá mi kó wọn jọ. Bí mo ṣe dé ọ̀dọ̀ Ọ̀gá Orímisàn ní Igbodigo nìyẹn. Wọ́n ní kí n lo oṣù díẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀. Oṣù díẹ̀ náà di ọ̀pọ̀ ọdún.

Orin Orímisàn ni gbogbo ilẹ̀ Ìkálẹ̀ ń jó nígbà náà. Gìtá ló ń ta. Nínú oòrùn ọ̀sán gangan, kóòtù dúdú ló máa wọ̀, á tún fi awò dúdú bojú. Bí o bá pè é ní eléré, kò ní dá ọ lóhùn. Ó ní olùdarí ohùn ni òun. Mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́ nínú ọkàn mi fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko, títí mo fi gbé orin àkọ́kọ́ mi wá síwájú rẹ̀. Orin ọwọ́ fífọ̀ ni. Mo kọ ọ́ tán, mo dúró kí ó yìn mí. Ó gbé gìtá rẹ̀ sílẹ̀.

"Ta lò ń bá sọ̀rọ̀?"

"Àwọn ará ìlú ni, ọ̀gá."

"Ìlú wo?"

"Gbogbo ilẹ̀ Ìkálẹ̀ ni, sà."

"N kò mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Màmá Dúpẹ́!" Ìyàwó rẹ̀ ló ń pè, tó ń yí gàrí lẹ́yìn ilé. "Wá gbọ́ ohun tí ọmọ yunifásítì wí."

Ó wá kọ orin mi gẹ́lẹ́ bí mo ṣe kọ ọ́, pé kí wọ́n fọ ọwọ́ kí wọ́n tó jẹun. Ibi tó yẹ kí ohùn gòkè sí lórí "ọwọ́," ibẹ̀ ni orin tèmi ti já wálẹ̀. Màmá Dúpẹ́ fi etí aṣọ nu èéfín ojú rẹ̀.

"Ọwọ̀ kẹ̀? Ta ní í fọ ọwọ̀ ìgbálẹ̀ kó tó jẹun? Ilé ta ni wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀?"

Ọ̀gá ní, "Ilé yunifásítì."

Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ òfin ilé wọn. Orin kankan kò gbọdọ̀ di orin títí a ó fi sọ ọ́ lẹ́nu lásán, bí ẹni ń bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà a ó fi súfèé tọ ohùn rẹ̀, a ó wo ibi tó gòkè àti ibi tó sọ̀ kalẹ̀, a ó wá gbé orin gba ojú ọ̀nà yẹn gan-an. Bí a bá ṣe tán, Màmá Dúpẹ́ ni a ó kọ ọ́ fún. A kì í sọ ìtumọ̀ rẹ̀ fún un tẹ́lẹ̀. Ọ̀gá á kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, á bi í pé, "Kí lo gbọ́?" Bó bá gbọ́ ohun mìíràn, a tú orin náà palẹ̀ nìyẹn, ì báà dùn ju oyin lọ. Dò, re, mí tí wọ́n kọ́ wa ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí mo rò pé ìdánwò nìkan ni a fi ń yege, òun ni ọkùnrin yìí fi ń jẹun.

Kò mọ eré nídìí ọ̀rọ̀ yìí. Ó lé onígìtá kejì kúrò nínú ẹgbẹ́ nítorí pé ó fa ohùn ọ̀rọ̀ kan gùn kí ijó lè dùn. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, bí wọ́n bá dé orí orin tí ohùn òyìnbó ti yí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ padà, ọ̀gá á káwọ́ gbera, á dijú, kò ní lanu. Mo bi í léèrè ìdí rẹ̀.

Ó ní, "Ọlọ́run mọ ohun tó wà lọ́kàn wa, kò séwu. Ìyá ọlọ́mọ kì í ṣe Ọlọ́run. Ohun tó bá gbọ́ ni yóò ṣe."

Báyìí ni a ṣe dé orí orin ìgbẹ́ gbuuru. Ọ̀pọ̀ ìyá àgbà ló gbà nígbà náà pé bí ọmọ bá ń yàgbẹ́, omi inú rẹ̀ ló pọ̀ jù, kí wọ́n má fún un lómi mọ́, kí inú rẹ̀ lè gbẹ. Ọ̀rọ̀ tó bọ́gbọ́n mu létí ni. Ó sì ti gbẹ ọmọ púpọ̀. A wá kọ orin kúkúrú kan sí i:

Ọmọ ń yàgbẹ́, ẹ máa fún un lómi,
Omi oníyọ̀, omi ṣúgà, ẹ máa fún un lómi.

Ìlù rẹ̀ rọra, ó bá gàrí yíyí mu. "Máa" inú rẹ̀ gùn dáadáa, mí-re, bí ẹni ń rìn lórí afárá tí kò fẹ́ já sódò. Màmá Dúpẹ́ gbọ́ ọ, ó ní, "Ẹ ní kí n máa fún ọmọ lómi. Ṣé mo fi omi du ọmọ yín rí ni?" Ó yege.

A gbé orin náà kiri nínú ọkọ̀ káńsù. A dé ojú omi lọ́dọ̀ àwọn ẹ̀yà Ìjọ̀ aládùúgbò wa, tí èdè wọn yàtọ̀ sí tiwa, tí wọ́n sì jó ju àwọn tó ni èdè lọ. Nọ́ọ̀sì tó wà ní Igbotako sọ fún mi pé àwọn ìyá ń kọ orin náà wọ ọgbà ìlera, ọmọ lẹ́yìn, ife lọ́wọ́. Ọmọ mélòó ló yè? N kò mọ̀. Ẹni tó bá sọ pé òun mọ̀, ìbò ló fẹ́ dù.

Irinṣẹ́ sì ń yí mọ́ wa lọ́wọ́. Gbohùngbohùn ọlọ́wọ́ lọ, kásẹ́ẹ̀tì dé. Kásẹ́ẹ̀tì lọ, sídì dé. Sídì lọ, orin wá kéré títí ó fi wọ inú mẹ́mórì tí kò tó èékánná. Bí irinṣẹ́ tuntun bá ti dé, ọ̀gá á kọ́kọ́ bú u, lẹ́yìn náà á fẹ́ràn rẹ̀ ju gbogbo wa lọ.

Ó pẹ́, àjọ kan wá láti Àbújá nínú ọkọ̀ funfun tí gíláàsì rẹ̀ dúdú. Wọ́n kó wa jọ sí hòtẹ́ẹ̀lì láti sọ̀rọ̀ lórí àwọn tí kò rí omi tó dára mu, wọ́n sì to omi inú ìgò síwájú oníkálukú. Ọ̀dọ́kùnrin kan tí oyè rẹ̀ gùn ju ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ dìde. Ó ní orin wa dára, ṣùgbọ́n kò yára, àwọn ọ̀dọ́ kò ní jó o. Wọ́n ní kí a lọ sí sítúdíò ní Àkúrẹ́, kí a tún un ṣe.

Píánò oníná ni wọ́n ń lò níbẹ̀. Ọkùnrin tó jókòó tì í tẹ bọ́tìnnì kan, ìlù ogún ènìyàn dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀gá Orímisàn, arúgbó tó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ bá onílù jà, rìn yí i ká.

"Ṣé èyí kì í jẹun?"

"Kì í jẹun, bàbá."

"Kì í mutí?"

"Rárá, bàbá."

"Kì í béèrè owó ọkọ̀?"

"Rárá o."

"Olúwa," ni ọ̀gá wí, "o jẹ́ kí ojú mi rí i kí n tó kú."

Ìlù náà sáré. "Máa" kò ráyè gùn nínú rẹ̀ mọ́. Kí ẹsẹ̀ ijó tó lè bọ́ sí i, ọ̀gá jẹ́ kí ohùn rẹ̀ já lójijì láti òkè bọ́ sísàlẹ̀, ibi tó já yẹn gan-an ló sì mú kó dùn. Gbogbo wa jó nínú sítúdíò lọ́jọ́ náà. Ọ̀gá gbé awò rẹ̀ ká orí. Kò sí ẹni tó rántí súfèé. Wákàtí-wákàtí ni wọ́n ń ta àyè ibẹ̀, Màmá Dúpẹ́ sì wà ní Igbodigo.

Orin náà ràn bí iná ọyẹ́. Ọlọ́kadà ń gbé e kọjá, àwọn tó ń gba iná sí fóònù fún ará ìlú ń lò ó pe oníbàárà, àwọn ọmọ ilé ìwé ń fi í jó lójú ọ̀nà. Àjọ náà fún wa ní àwo ìdánilọ́lá kọ̀ọ̀kan. Tèmi ṣì wà lórí tẹlifísàn, ó ń dán.

Òjò ọdún tó tẹ̀ lé e pọ̀. Onígbáméjì wọ Ìjù-Odò. Mo bá Nọ́ọ̀sì Fúnmiláyọ̀ ti ẹ̀ka ìlera wa lọ síbẹ̀ láti ilé dé ilé. Ilé kẹta tí a wọ̀, obìnrin kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Bọ̀sẹ̀ gbé ọmọbìnrin rẹ̀ sórí ẹsẹ̀. Ìbùkún ni orúkọ ọmọ náà. Ojú rẹ̀ ti wọnú, ètè rẹ̀ ti bó. Ọkọ Bọ̀sẹ̀ wà lóko, ìyá ọkọ rẹ̀ ló wà nílé pẹ̀lú rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì ti ń wá ṣíbí nínú àpò rẹ̀. Ó ní, "Omi wo lẹ ti fún un láti àná?"

Ìyá àgbà ló dáhùn, ohùn rẹ̀ balẹ̀ bí ti ẹni tó ṣe ohun tó yẹ. "Ẹ̀kán kan kò kan ètè rẹ̀. A tẹ̀ lé ohun tí ẹ wí."

"Ta ló wí bẹ́ẹ̀, màmá?"

"Ẹ̀yin ará káńsù náà ni. Àbí ẹ ò mọ orin yín mọ́?"

Ó kọ ọ́ fún wa. Kò ṣì í kọ. Gẹ́lẹ́ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ lórí fóònù ló ṣe kọ ọ́, mí-dò: ẹ máà fún un lómi. Ẹsẹ̀ rẹ̀ tilẹ̀ ń lu ilẹ̀ tẹ̀ lé e.

Ìgbà yẹn ni Bọ̀sẹ̀ sọ̀rọ̀, kò wo ojú ẹnikẹ́ni. "Mo fẹ́ fún un. Mo ti bu omi sí ife. Màmá ní kí n má ṣe é, mo ní irọ́ ni, àwọn nọ́ọ̀sì ní ká máa fún wọn. Màmá ní kí n gbé fóònù mi jáde ká jọ gbọ́ ọ. A gbọ́ ọ. Mo da omi nù."

Nọ́ọ̀sì ń fi ṣíbí rọ omi oníyọ̀ sí ọmọ náà lẹ́nu, omi ń ṣàn jáde ní ẹ̀gbẹ́ ètè. A wá ọ̀kadà. Bọ̀sẹ̀ gbé ọmọ sáàárín èmi àti òun, a kọrí sí ilé ìwòsàn ní Òkìtìpupa. Ọ̀nà náà kún fún omi. A kò tíì dé ibẹ̀ nígbà tí Bọ̀sẹ̀ fọwọ́ kan ọlọ́kadà léjìká, ó ní kó rọra máa lọ, kò sí ìkánjú mọ́.

Mo gba ibẹ̀ lọ sí Igbodigo. Mo sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún ọ̀gá. Ó ní kí n gbé orin náà sí i. Ó gbọ́ ọ, ó ní kí n tún un gbé. Lẹ́yìn náà ó yọ awò ojú rẹ̀, ó pe ìyàwó rẹ̀.

"Màmá Dúpẹ́, kí lo gbọ́?"

"Ẹ ní kí wọ́n máà fún ọmọ lómi."

"Láti ìgbà wo lo ti gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀?"

"Láti ọjọ́ tí ẹ ti gbé e dé. Mo rò pé ìlera tuntun ni."

"Kí ló dé tí o kò sọ fún mi?"

Obìnrin náà wò ó. "Ẹ ò bi mí mọ́."

Ní káńsù, wọ́n gbé bébà orin náà jáde, wọ́n fi ọwọ́ tẹ àmì ohùn orí rẹ̀. Wọ́n ní, "Wò ó, máa ni a kọ. Ẹ̀bi wa kọ́." Lóòótọ́, máa ni. Mo sọ fún wọn pé bébà kọ́ ni Ìjù-Odò gbọ́. Wọ́n ní kí a má pariwo kí àwọn ará Àbújá má bàa bínú, pé ìgbìmọ̀ yóò jókòó lé e lórí. Mo mọ ìgbìmọ̀ wa. Bí ó bá ti jókòó, ó máa ń pẹ́ kó tó dìde. Òjò kò sì ní dúró dè wọ́n, orin náà sì wà lórí fóònù ní gbogbo abúlé, ó ń dá ẹjọ́ láàárín ìyá àti ìyá ọkọ.

Mo ń kọ èyí fún ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn orin àti ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ṣe nọ́ọ̀sì. Àwọn àgbà ní orin ní í ṣíwájú ọ̀tẹ̀. Mo ti rí i pé ó lè ṣíwájú ìwòsàn, ó sì lè ṣíwájú òkú. Iṣẹ́ tó dára ni. N kò kábàámọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe é bí ẹ kò bá lè farada kí ẹnìkan sọ fún yín pé ohun tí òun gbọ́ kọ́ nìyẹn.

Ọ̀gá kò dúró de ìgbìmọ̀. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Ó ní kí n mú òun lọ sí Ìjù-Odò. Ó wọ kóòtù rẹ̀, ó gbé gìtá rẹ̀ dání. Mo rò pé yóò kọ orin náà bó ṣe yẹ níbẹ̀, mo sì múra láti gba ohùn rẹ̀ sórí fóònù, kí a lè máa gbé e kiri.

A bá Bọ̀sẹ̀ lẹ́yìn ilé, ó ń bẹ ẹ̀gẹ́. Ìyá ọkọ rẹ̀ jókòó níwájú ilé ìdáná, ó kọjú sí ògiri. Àwọn aládùúgbò sọ fún wa pé láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin ọmọ náà, àwọn méjèèjì kò tíì bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ọ̀gá bọ́ kóòtù, ó gbé e lé apá.

"Ìyá Ìbùkún, èmi ni mo kọ orin náà."

"Mo mọ̀ yín, bàbá. Mo ti jó orin yín láti kékeré."

"Máa ni mo fẹ́ wí. Èmi ni mo bà á jẹ́. Ẹ̀bi ìyá yìí kọ́, ẹ̀bi rẹ kọ́."

Àwọn aládùúgbò ti pé jọ. Lèmọ́ọ̀mù àdúgbò wà níbẹ̀, bàbá ìjọ náà wà níbẹ̀. Ọ̀gá tún un sọ fún gbogbo wọn, pé kí ẹnikẹ́ni tó bá ní orin náà pa á rẹ́, kí wọ́n fún ọmọ tó ń yàgbẹ́ lómi, kí wọ́n sì gbé e wá sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì.

Ọkùnrin kan ní, "Bàbá, a ti gbọ́. Ẹ wá kọ ọ́ bó ṣe yẹ kí a gbà á sórí fóònù."

Ọ̀gá mi orí. "N kò kọrin mọ́."

"Ẹ̀yin kẹ̀? Ẹsẹ̀ kan péré ni."

"Mo ní n kò kọrin mọ́."

Bọ̀sẹ̀ kò gbé ojú kúrò lára ẹ̀gẹ́ tó ń bẹ. Ó ní, "Bí ẹ bá dákẹ́ tí ẹ lọ, bàbá, ti inú fóònù kò ní dákẹ́."

Fóònù mi ti ń gba ohùn láti ìgbà tí a ti wọlé. Orin tí ẹ ń gbọ́ ní gbogbo ọgbà ìlera wa lónìí, èyí tí ewúrẹ́ ń ké nínú rẹ̀ tí kò sí ìlù kankan, tí àwọn ará Àbújá ní kò mọ́ tó, ibẹ̀ ló ti wá. Bọ̀sẹ̀ fúnra rẹ̀ ló ní kí n máa gbé e kiri. Kò sí máa nínú rẹ̀, kò sí máà. Bọ̀sẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ jẹ́jẹ́, ọ̀bẹ ṣì ń lọ lára ẹ̀gẹ́:

Ẹ fún un lómi.
Bó bì í, ẹ fún un lómi.
Bó bá sùn, ẹ jí i, ẹ fún un lómi.

Kò sí ẹni tó gbè é. Ojú gbogbo wa wà nílẹ̀. Ó kọ èyí tó kàn, ohùn rẹ̀ kò sì gbọ̀n:

Bí ìyá ọkọ bá ní kó má ṣe é, ẹ fún un lómi.

Ìyá àgbà ṣì kọjú sí ògiri. N kò rí ojú rẹ̀. Ohùn rẹ̀ ni mo gbọ́, ó há, ó kéré, ṣùgbọ́n ó gba ojú ọ̀nà ọ̀rọ̀ náà gẹ́lẹ́:

"Ẹ fún un."

Ọ̀bẹ dúró lọ́wọ́ Bọ̀sẹ̀. Kò wẹ̀yìn. Ó mú ẹ̀gẹ́ mìíràn, ó sì padà sí ìbẹ̀rẹ̀ orin náà, ó lé, ìyá ọkọ rẹ̀ sì gbè é.